Èèpo Igi Ṣẹ́rì Àǹtí Adépéjú

Mìsítúrà kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lè pa igi. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò dé ìparí.

Aṣọ ni obìnrin náà fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ní ṣífíìtì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Sydenham nílùú òyìnbó, inú yàrá kékeré kan lábẹ́ afárá ojú irin ní Peckham lẹ máa bá a, níbi tó ti ń se ewé àti èèpo àlùbọ́sà, tó ń rẹ òwú àti sílíìkì sínú omi wọn. Kì í lo aró tí wọ́n ń tà nínú ike. Bó bá ń gba ọgbà Peckham Rye kọjá lẹ́yìn òjò, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí òrùka já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ṣa ewé tó ti jẹrà débi pé iṣan rẹ̀ nìkan ló kù, á sì lọ fi abẹ́rẹ́ gán an sára aṣọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Mọ́ṣáláṣí kan náà ni òun àti Àǹtí Adépéjú ń lọ. Opó ni Àǹtí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń gbé ilé tí àwọn àti Alhaji Yaqub ọkọ wọn ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Igi ṣẹ́rì kan wà lẹ́yìn ilé náà. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ yẹn, Nasir, ni bàbá rẹ̀ gbìn ín. Nasir ti wà ní Kánádà báyìí, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, á ní, "Mummy, ṣé igi mi ti yọ òdòdó?" Ìyá á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí Mìsítúrà tọrọ ewé, ọwọ́ Àǹtí kò há rárá. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ewé tó bá já bọ́, máa kó o. Ẹ̀ka tí mo bá ní kí wọ́n gé, tìẹ ni. O ò nílò láti máa kanlẹ̀kùn."

Ara ẹ̀ka tí wọ́n gé ni Mìsítúrà ti kọ́kọ́ rí àwọ̀ tí èèpo igi náà ní. Ó bó èèpo rẹ̀, ó sè é, ó rẹ sílíìkì sí i. Àwọ̀ tó jáde kì í ṣe pupa, kì í sì í ṣe ti ọsàn. Ó dà bí ojú sánmà ní kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn kò tíì yọ ṣùgbọ́n tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Malachi, tó ni gálárì kan tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Deptford, rí aṣọ náà, ó sì fà á sún mọ́ ojú. "Àwọ̀ yìí ni mo fẹ́," ó ní. "Fi bo gbogbo ògiri mi. Ìwọ nìkan ni màá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Ọjọ́ pẹ́ tí Mìsítúrà ti ń dúró de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo ara ẹ̀ka kò tó nǹkan. Ó tán.

Bó ṣe mú ọ̀bẹ lọ sídìí igi nìyẹn, lọ́jọ́ tó mọ̀ pé Àǹtí wà ní kíláàsì Kùránì. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti bó o, níbi tí koríko àti àwọn ìkòkò òdòdó àtijọ́ ti bo ìdí igi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àwọ̀ tó tinú rẹ̀ jáde dára ju ti ẹ̀ka lọ fíìfíì. Ó padà lọ. Ó tún padà lọ. Nígbà òtútù, bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó rí i pé ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí òun dé ti fẹ́ pàdé. Èèpo tó kù láàárín wọn kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ.

Nígbà yẹn, ó ti mọ̀. Ó ti kà á pé abẹ́ èèpo ni oúnjẹ igi ń gbà kọjá, àti pé igi tí wọ́n bá bó yíká kì í yè é. Ó dúró. Ọkàn rẹ̀ lọ sórí aṣọ tó fẹ̀ jù, èyí tí wọ́n fẹ́ fi bo ògiri ńlá, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì mu dáadáa. Ó gé èyí tó kù. Ó wọ́ ewé jọ, ó fi bo ojú ọgbẹ́ náà.

Igi náà yọ òdòdó lọ́dún yẹn bí kò ṣe yọ rí. Àǹtí ya fọ́tò fún Nasir, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Mìsítúrà náà, wọ́n ní, "Ó ń bá ẹ yọ̀ ni." Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí ewé dí, ńṣe ló ń ká kò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì, igi ti dúró gbẹ láàárín ọgbà tútù.

"Bóyá àárò Alhaji ló ń sọ ọ́," Àǹtí wí.

"Bóyá, Mà," ni Mìsítúrà dáhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà, Deptford kún. Àwọn èèyàn dúró pẹ́ níwájú aṣọ ńlá náà. Àǹtí Adépéjú wọ aṣọ funfun wá, wọ́n ń di ọwọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí mú, wọ́n ń sọ fún wọn pé igi àwọn nìyẹn. Malachi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́run ló mú igi," wọ́n ní, "ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ọmọ mi yìí ló bá wa tọ́jú ẹ̀. Ẹ bá mi kí i."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mìsítúrà rọra bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ṣí omi sí ọwọ́ méjèèjì, kò sì mọ ohun tó ń fọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó lọ kanlẹ̀kùn. Àǹtí ń da tíì sínú ife nígbà tó sọ ọ́.

"Àǹtí, èmi ni mo pa igi yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń pa igi? Ọjọ́ orí ẹ̀ ló dé."

"Mo bó èèpo ìdí ẹ̀ yíká. Mo fi ewé bò ó kí ẹ má baà rí i."

Àǹtí gbé ife kalẹ̀. Wọ́n jáde sẹ́yìn ilé, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ewé náà kúrò. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé o mọ̀ pé ó máa kú?"

"Mi ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀, Mà."

"Mi ò bi ẹ́ ní tìbẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀, Mà." Ó kúnlẹ̀ sórí koríko.

"Ká ní o tọrọ èèpo ẹ̀ ni, mi ò ní fún ẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn lo ò ṣe tọrọ." Ohùn wọn kò ròkè. "O sì jẹ́ kí n dúró láàárín èèyàn, kí n máa kí ẹ."

"Màá kó àwọn aṣọ náà wá fún yín."

"Kí n fi ṣe kí ni? Dìde. Nasir lo máa sọ fún. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ nọ́ńbà náà, wọ́n sì na fóònù sí i. Mìsítúrà sọ gbogbo rẹ̀, ó sì gbọ́ bí èémí ọkùnrin náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Kánádà.

"Ṣé Mummy wà níbẹ̀?" Nasir béèrè pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń dún bíi ti òyìnbó.

"Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Okay. Fún wọn ní fóònù."

Ìyá rẹ̀ gbé fóònù wọ yàrá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mìsítúrà fi kọ́kọ́rọ́ géètì sórí tábìlì, ó jáde.

Ó sọ fún Malachi náà. Ojú Malachi tàn. "Ìtàn ńlá lèyí. Jẹ́ ká kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Àwọn èèyàn á fẹ́ràn ẹ̀." Mìsítúrà ní rárá, ó lọ gbé àkàbà wá. Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó já aṣọ ńlá náà sílẹ̀, ó ká a, ó gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tíì tú u wò. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé, bó ṣe wà ní kíká yẹn, ó mọ̀ pé kò sí ohun tó dára tó o nínú gbogbo iṣẹ́ tí òun ti fi ọwọ́ ṣe.

Fún ìgbà pípẹ́, Àǹtí kàn ń dáhùn sálámà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ni, wọ́n á sì kọjá. Wọ́n gé igi náà, ẹnìkan ló sọ fún un. Nígbà tí òtútù tún dé, fóònù rẹ̀ dún.

"Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi ní ọsibítù Lewisham," Àǹtí wí. "Nasir ní kí n má dá lọ."

Mìsítúrà tẹ̀ lé wọn. Ó bá wọn di báàgì wọn mú títí wọ́n fi ṣe é tán. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú ojú kan tí wọ́n ti dì, Àǹtí di apá rẹ̀ mú ṣinṣin láti ibùdókọ̀ wá, Mìsítúrà sì ń rọra rìn, ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti ga fún wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ igi. Lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí yọ ọwọ́ wọn.

"O ṣeun," wọ́n ní. "Máa lọ, kí o má pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mìsítúrà dúró síbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gba ọ̀nà Sydenham lọ.