Màmá Kó Wá sí Isikan

Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ kan ní Isikan, ní Àkúrẹ́, ni Adélaní àti Fọláhànmí ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni tiwọn níbẹ̀. Tọkọtaya, ọmọ mẹ́rin, àti Bọ́láwálé, àbúrò Fọláhànmí, ló há síbẹ̀. Bọ́láwálé ń lọ sí yunifásítì. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun fẹ́ lò, ṣùgbọ́n òun ló wá ń pinnu ibi tí wọ́n máa gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìkòkò ọbẹ̀ ń gbé, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má lọ ki orúnkún bọ ẹ̀gúsí.

Ní Oǹdó, ìyá Adélaní nìkan ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi owó kòkó kọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù sì ti lọ sókè òkun. Aláǹgbá ló kù tó ń gbádùn ilé náà.

"Dádì Joy," ni Fọláhànmí wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká kó ọmọ méjì lọ bá Màmá."

Adélaní pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Kí lo fẹ́ kó ọmọ wá ṣe níbí?" ni Màmá dáhùn. "Ilé yìí ti dákẹ́ jù fún èmi gan-an. Fíríìjì nìkan ló ń dá mi lóhùn. Èmi ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá dé tòun ti àga ńlá onítìmùtìmù tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Àga náà gba ibi tí ọmọ méjì ń sùn. Màmá gba bẹ́ẹ̀dì. Tọkọtaya bá àwọn ọmọ nílẹ̀. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, yọjú sí wọn, ó pariwo: "Adélaní, ṣé ẹ fẹ́ sọ ulé yìí di gáréèjì ni?"

Ṣé ẹ rò pé Màmá máa sá padà? Rárá o! Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí àjọ̀dún. Àárọ̀ kùtù ló ń kọrin ìsìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo ayálégbé á fi jí, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti ẹni tí kò níṣẹ́. Òun ló ń dá ẹjọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí tọkọtaya yàrá kejì ń jà, ó fi etí sí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá kan ògiri náà pé kí ìyàwó jọ̀ọ́ tún èyí tó sọ gbẹ̀yìn sọ, òun ò gbọ́ ọ dáadáa.

Aṣọ ni Fọláhànmí ń rán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti balùwẹ̀ dé, ó bá àwọn ìyá tí Màmá kó jọ láti ka Bíbélì ní pálọ̀. Èyí tó sanra jù nínú wọn jókòó lórí gáùn oníbàárà. Fọláhànmí fẹ́ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó máa dúró sí sunkún.

"Màmá," ló bá ní, "ta ló ń gbé ilé yín báyìí?"

"Aláǹgbá."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé."

Etí Màmá wà níbi ìjà kan tó ń bẹ̀rẹ̀ níta. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú kọ́mú rẹ̀, ó nà án sí i.

Ilé ìwé ti gba ìsinmi. Lọ́jọ́ kejì, Fọláhànmí kó ọmọ, ó kó máṣíìnì, ó wọ mọ́tò Oǹdó. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó pín yàrá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì Joy ló ti bá gbogbo wọn, tí wọ́n dì mọ́ra wọn bí ìdì aṣọ.

Ní Isikan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú Màmá là pé kò sí ọmọ kankan tóun lè pariwo mọ́.

"Ìyàwó rẹ ti gba ilé mi!" ló sọ fún Adélaní.

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ gba tiwa."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó sì wọ mọ́tò Oǹdó lọ́jọ́ kejì.

Àwọn oníbàárà tó wá rán aṣọ lọ́dọ̀ Fọláhànmí ló bá ní pálọ̀ òkè.

"Fọláhànmí, fèrèsé ni mo ní kó o ṣí. Ṣé ojú fèrèsé ni gbogbo èèyàn wọ̀nyí gbà wọlé?"

Fọláhànmí kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dúró."

Kí Màmá tó fèsì, nǹkan kan fọ́ nínú yàrá, ọmọ méjì sì ń pe ara wọn lólè. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ta nìyẹn? Ẹ dúró dè mí o! Mo fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe dúró ní Oǹdó nìyẹn. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, Adélaní sì ń wá wò wọ́n lọ́jọ́ Fúráìdé. Ní Isikan, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó na ẹsẹ̀ méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tí Bọ́láwálé fi kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá, pé àyè ti wà. Adélaní pe ìyá rẹ̀ láti ráhùn.

"Wọ́n tó mélòó?" ni Màmá bèèrè.

"Wọ́n pọ̀, Màmá. Mi ò lè sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé wọ́n máa ń jà?"

Adélaní yára pa fóònù.