Odó Tó Dojú Bolẹ̀

7.

…kì í ṣe pé wọ́n bínú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá sọ. Wọ́n kàn ń kí mi ni. "Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì." Gbogbo ará ilé. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tó wá bẹ ilé wò, tó máa lọ lọ́la.

Odó wà láàárín agbo ilé. Ó dojú bolẹ̀.


1.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Sẹ̀gilọlá ni mí. Nọ́ọ̀sì. Oṣù kẹrin rèé tí èmi àti Fúnminíyì, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti kó dé Ọ̀kà láti Òṣogbo. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kà ni mo ń gbé, torí pé yàrá ibẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ orí òkè náà sì dára. Kí a tó dé Òṣogbo, Ìbàdàn la wà. Ìbàdàn ni bàbá Fúnminíyì kú sí.

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.


2.

ÀWỌN ẸRÙ TÍ MI Ò TÍÌ TÚ

— páálí àwo
— aṣọ fèrèsé (ó gùn ju fèrèsé ibí lọ)
— àwòrán ìgbéyàwó
— bàtà bàbá Fúnminíyì, ẹsẹ̀ méjèèjì


3.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: àlejò.
Oṣù kìíní: nọ́ọ̀sì.
Oṣù kẹta: nọ́ọ̀sì yàrá ẹ̀yìn.
Àná: (wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo wọlé).

Orúkọ tí wọ́n ń pe Fúnminíyì, láti ọ̀sẹ̀ kìíní: ọmọ wa.


4.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, Ìyá Àgbà ti da odó ilé dojú bolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún iyán nínú ilé yìí títí di Fúráìdé, tí í ṣe ọjọ́ keje. Ẹ má lọ yá odó aládùúgbò. Ẹ má sì wá bi mí léèrè ohun tí ẹ máa jẹ.

Z. Akíndèjì
Akọ̀wé ilé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì


5.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ilé yìí, iṣu tuntun kì í kan odó kí Ìyá Àgbà tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òun ló nilé, òun ló dàgbà jù, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa ń dá. Ní Ìkàrẹ́, wọ́n ti ń ta iṣu tuntun lọ́jà láti oṣù tó kọjá. Mo ra mẹ́ta. Mo gbé e gun òkè wá sílé. Mo sè é. Mo gún un.

Odó kì í gbọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo ilé ló gbọ́.

Mi ò mọ òfin náà.

[Mo ti fa igi lé ìlà tó wà lókè yìí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.]


6.

ÌKÀNNÌ WHATSAPP: "ARÁ ILÉ"

(Safinat àti Munir, awakọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ń gbé nínú ilé wa.)

SAFINAT: Ìrẹsì, ọjọ́ kẹta. Bàbá ọkọ mi ti di ẹrù. Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò àwọn ní Ikùn títí di Fúráìdé.

MUNIR: Èmi ti jẹ tèmi ní Ìkàrẹ́ o. Tuntun, tó gbóná fẹlifẹli.

AKỌ̀WÉ: Munir!

MUNIR: Ọ̀gá tíṣà, no vex. Ìta ni mo ti jẹ ẹ́. Mi ò gbé e wọlé.

SAFINAT: Ta ni kì í jẹ ẹ́ níta? Jíjẹ kọ́ lọ̀rọ̀. Odó ni.

AKỌ̀WÉ: Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì wà lórí ìkànnì yìí.




8.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌYÍPADÀ IBI IṢẸ́

Orúkọ: Sẹ̀gilọlá Olúrántí
Ibi tí o wà: Ìkàrẹ́
Ibi tí o ń fẹ́: Àkúrẹ́
Ìdí: ..............................

Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá sí ọ́fíìsì Ìkàrẹ́, kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ Fúráìdé tó lù. A kò ní gba èyí tó bá pẹ́.


9.

Mo ti gba fọ́ọ̀mù yìí kí n tó gún iyán náà.

Ọjọ́ méjì ṣáájú.


10.

Dayọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìbàdàn ló ń gbé.

DAYỌ̀: Máa lọ sí Àkúrẹ́ jàre. Kí lo ń ṣe lórí òkè pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún odó?

ÈMI: Mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà.

DAYỌ̀: Fúnmi ńkọ́?

ÈMI: Ọmọdé ni. Ó máa mọ́ ọn lára.

DAYỌ̀: Bẹ́ẹ̀ lo sọ nígbà tẹ́ ẹ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lo sọ ní Òṣogbo.

(Mo pa fóònù.)


11.

Láti inú ìwé iṣẹ́ ilé Fúnminíyì. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò.

ILÉ WA. Ilé wa wà ní Ọ̀kà. Àpáta ńlá wà lẹ́yìn ilé wa, ewúrẹ́ Àǹtí Safinat máa ń sùn lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà ń kọ́ mi ní èdè ilé wa. Wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Wọ́n ń pe ilé ní ulé. Ilé ẹ̀kọ́ mi kẹta rèé, òun ni mo fẹ́ràn jù. Màmá mi kò tíì tú ẹrù rẹ̀. Èmi ti tú tèmi.

9/10. Ó dára gan-an.


12.

Ọjọ́rú. Iwájú ilé. Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, akọ̀wé ilé, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dà á kọ.

ÌYÁ ÀGBÀ: Jókòó, ọmọ mi.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ṣé, mà. Mo fẹ́ ra odó tuntun fún ilé, mà. Mo ti rí ọ̀kan ní Ìkàrẹ́.

ÌYÁ ÀGBÀ: Èyí tó wà ńlẹ̀, ṣé ó ti kú ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyá ọkọ mi ló gbé e wá sí ulé yìí. Ẹni tó bà á jẹ́ ni í gbé e dìde. Òun ni í gún uyán àkọ́kọ́. Èmi á jẹ, gbogbo ulé á jẹ. Ó tán.

NỌ́Ọ̀SÌ: Tí ẹni náà kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́, mà?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó ń rin ìrìn àjò ni?

(Nọ́ọ̀sì gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Tí kò bá sí, odó á wà bó ṣe wà. Ẹlòmíràn kì í bá èèyàn gbé e. Èmi náà ti gbé e rí. Ọdún tí wọ́n gbé mi níyàwó wá láti Afin. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún ọ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá, mà.


13.

Irọ́ ni.


14.

Safinat sọ fún mi. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ni, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, kòròbà rẹ̀ ti kún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì gún tuntun o. Ìyá Àgbà ò tíì jẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì mi nígbà yẹn.

Sátidé yẹn ló pé ọdún mẹ́ta tí bàbá Fúnminíyì kú. Òun ló máa ń ra iṣu tuntun àkọ́kọ́ wálé lọ́dọọdún. Á dúró tì mí nídìí odó, á máa bu iyán jẹ kí n tó gún un tán, á jó o lọ́wọ́, á máa fẹ́ ẹ. Àárò rẹ̀ sọ mí. Mo fẹ́ gbọ́ ìró odó náà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tán. Ohun tí mo sọ fún ara mi bí mo ṣe gbé ọmọ odó ni pé: kí ló kàn mí? Mo ti lọ tán.


15.

Ọjọ́bọ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà nìkan. Kò sí akọ̀wé.

ÈMI: Mo parọ́ fún yín, mà. Safinat sọ fún mi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo mọ̀. Èmi ni mo rán an.

ÈMI: Ẹ̀yin, mà?

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo gbọ́ bí o ṣe ń gún un. Kì í ṣe ebi ló ń pa ẹni tó ń gún uyán báyẹn.

ÈMI: Kí ló dé tí ẹ ò lé mi jáde, mà?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ṣé o ti wọlé ni?


16.

Ìdí: Ọ̀nà jìn. [fa igi]

Ìdí: Ìlera ọmọ. [fa igi. Ara ọmọ yá ju tèmi lọ.]

Ìdí: Odó. [fa igi]

Ìdí: Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Mi ò fa igi sí èyí.


17.

Mo tú aṣọ fèrèsé. Mo fi kọ́. Ó wọ́ nílẹ̀.
Mo tú u sílẹ̀. Mo ká a.
Mo tún fi kọ́.


18.

Fúráìdé. Agogo méje ku díẹ̀.

Munir ti gbé ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ̀ rẹ̀ síwájú ilé, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́. Agogo méje géérégé ló máa ń gbéra. Ó ti fun fèrè lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo ilé ti jáde. Bàbá ọkọ Safinat ti dé láti Ikùn, ó sì ti fọwọ́. Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus di bírò mú. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, iṣu tuntun kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn ò tíì bẹ ẹ́. Kó tó di pé a bẹ ẹ́, a sè é, a gún un, tí ó sì jẹ ẹ́, agogo mẹ́jọ á ti kọjá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ta ni í gbé e dìde?

(Kò sẹ́ni tó wojú mi. Wọ́n ń wo odó.)

Munir fun fèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Fúnminíyì ti wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ó bọ́ sáàárín, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ etí odó, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á. Odó mì. Kò dìde.

AKỌ̀WÉ: Ìwọ kọ́, ọmọ wa.

FÚNMINÍYÌ: Mo mọ̀, sà. Mo kàn ń bá wọn di ẹ̀gbẹ́ kan mú ni.

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò yọ ọwọ́ rẹ̀.

FÚNMINÍYÌ: Màmá, ẹ̀gbẹ́ kejì rèé.

Ìlẹ̀kùn kọ̀rọ̀pẹ̀ ṣí. Báàgì tí fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ wà ní èjìká òsì mi.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣófo.