Okùn Kànga Màmá Onítéépù

Téépù aránṣọ kì í kúrò lọ́rùn Màmá Onítéépù. Kíláàsì kejì ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè wọ̀n: àyà, ìbàdí, fèrèsé, títí dórí ìrù ológbò. Bó bá ń wọ̀n ọ́n, yóò máa kọrin. Bó bá wọ̀n ọ́n tán, yóò béèrè ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ju korobá sínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Okùn lọ, lọ, lọ, ó tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́ "pọ̀ọ́". Korobá kàn ń mì nínú òkùnkùn bí ẹni tó ń wá ilé tí kò rí i.

"Wọ́n ti gé okùn yín, Ìyá," ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí láti ibi tó ti ń sá aṣọ. "Àwọn ará ilé kejì ni. Àwọn ló yá a lánàá."

"O rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gé e?"

"Mi ò rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn náà."

"Ṣé ojú ni wọ́n fi gé e ni?"

Ó fa okùn jáde, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Téépù mẹ́wàá ni okùn náà nígbà tó so ó kẹ́yìn. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́wàá géérégé.

"Okùn ò kúrú," ó wí. "Omi ló lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn." Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàlọ́ fún. "Ìwọ lọ bẹ àwọn ará ilé kejì."

"Mi ò tíì bú wọn, Ìyá."

"O ti bú wọn nínú ikùn. Lọ kí wọn, ìyẹn náà á tó."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, nítorí kànga yẹn nìkan ni gbogbo ilé ń mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó dà bí ẹrẹ̀ ti fún ọmọ méjì ní ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí okùn ò bómi yìí gan-an ni ọmọ Màmá, tí í ṣe bíríkìlà, fẹ́ da sìmẹ́ńtì sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ṣẹ́kù, kó kọ́ yàrá mẹ́ta sí i. Àgbà ọmọbìnrin bíríkìlà yìí ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì. Onílé wọn ti lé wọn.

Màmá jókòó ti okùn, ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

*Omi, omi, níbo lo lọ?*
*Mo ju korobá, mi ò gbọ́ ọ.*
*Bó o sá sísàlẹ̀, wí fún mi,*
*Bó o gba títì lọ, wí fún mi.*

Orin náà ni ó ń kọ lọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára àwọn ojú ibi tó ti so okùn. Nígbàkigbà tí okùn ò bá ba omi mọ́, ó máa ń so ẹyọ okùn mìíràn mọ́ ọn, á sì fi èékù aṣọ tó wà lórí maṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà dì í. Ojú ìso mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ké sí ọmọ rẹ̀.

"Wò ó, ọkọ mi. Búlúù yìí, yúnífọ́ọ̀mù ni mo ń rán. Ọdún wo nìyẹn?"

Bíríkìlà ronú díẹ̀. "Ọdún tí mo kọ́ yàrá méjì apá ọ̀tún."

"A jẹ́ méje, a di mọ́kànlá. Olódòdó yìí ńkọ́?"

"Ìgbà tí mo kọ́ mẹ́ta apá òsì."

"A di mẹ́tàdínlógún. Yẹ́lò yìí, kọ́tìnì ni. Ọdún yẹn lo da sìmẹ́ńtì síwájú ilé káwọn ọmọ má baà máa kó ẹrẹ̀ wọlé. Ẹni mẹ́rìnlélógún ló ń fa okùn yìí báyìí."

"Màámi, ṣé yàrá mi ló ń mu omi ni?"

"Dúró níbẹ̀."

Ó gba korobá omi méjì tí ìyàwó ilé gbé dé láti ilé kejì. Ó da ìkan sórí sìmẹ́ńtì. Omi náà sáré, ó bọ́ sí gọ́tà, ó jáde nílé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó da èkejì sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ náà mu ún, ó dún ṣẹ́ṣẹ́, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

"Omi tí mo fi ìtìjú tọrọ nìyẹn o, Ìyá," ni ìyàwó wí.

Bíríkìlà ń wo ilẹ̀ tó rin.

"À ń pọ̀ sí i létí kànga," ni Màmá wí, "ibi tí òjò ń gbà wọlẹ̀ lọ sínú rẹ̀ sì ń kéré sí i."

"Kí n wá ṣe báwo? Kí ọmọ mi máa sùn sórí igi?"

"Rárá o. Ọmọ-ọmọ mi ni, á wá. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ò bá fẹ́ tó mi rán, mo máa ń yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, kí n tó fi síísọ̀ sí i. Ìwọ ò tíì yí ilé yìí wò bẹ́ẹ̀."

Bíríkìlà na ọwọ́. "Ẹ yá mi ní téépù yín."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò yá a rí. Ó wọn iwájú ilé, níbi tí sìmẹ́ńtì ti bo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń jókòó gbatẹ́gùn. Yàrá méjì ló gbà, kò gba mẹ́ta.

"Níbo lẹ ó wá máa jókòó sí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Orí ẹsẹ̀ mi. N ó máa dúró gbatẹ́gùn."

Iwájú ilé ló kọ́ ọ sí. Ó so páìpù mọ́ òrùlé, ó darí ojú rẹ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí omi òjò máa wọlẹ̀ níbẹ̀. Màmá ti so ẹyọ kan mọ́ okùn kí wọ́n lè máa rómi fà, ó sì fi aṣọ funfun dì í, èékù èyí tó ń rán fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń parí lọ, ẹni méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà nílé. Màmá ju korobá. "Pọ̀ọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀: aṣọ funfun ṣì wà níbẹ̀, ẹyọ okùn tuntun náà kò wọ kànga.

"Ilẹ̀ tá a fi sílẹ̀ ni, àbí òjò ọdún yìí ló pọ̀?" ni Bíríkìlà béèrè.

"Mi ò mọ̀. A ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀rùn." Ó ti ń ká téépù sọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti wà lára ògiri ilé kejì. "Àwọn yẹn ńkọ́? Téépù mélòó ni sìmẹ́ńtì tiwọn fẹ̀?"

Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde tòun torin.