Etí Ọ̀nà Eino

Vieno ki irin bọ abẹ́ ife náà, ó tẹ̀ ẹ́, ife sì fò jáde nínú ilẹ̀ bí eyín tó ti ń mì tipẹ́. Ó jù ú sínú àgbá, ó kọjú sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Eérú egungun ni wọ́n fi mọ àwọn ife náà, wọn kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ní yàrá àyẹ̀wò wúrà, inú irú ife bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ òjé àti wúrà pọ̀. Ife á fa òjé mu, wúrà á ṣẹ́ kù sójú rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, ife á wá di pàǹtí. Eino, ọkọ Vieno, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò. Ó ń kó wọn wálé nínú agolo oúnjẹ rẹ̀, ó sì fi wọ́n to etí ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ebè kárọ́ọ̀tì. Púpọ̀ nínú ará South Porcupine, ìlú ìwakùsà wúrà ní Kánádà, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òjé inú ife kì í sùn, pé májèlé ni.

Lẹ́yìn ikú Eino ni Vieno gba iṣẹ́ ní àgọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú pàǹtí yàrá àyẹ̀wò náà. Ibẹ̀ ló ti mọ̀. Ó mọ̀, kò sì hú wọn. Láti ìgbà tí Elli ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń rákòrò, tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, ló ti ń wá àwáwí kí wọ́n má bàa mú un wá: yìnyín ò tíì yọ́, òrùlé ń jò, ikọ́ ń ṣe mí. Lánàá, Marketta ọmọ rẹ̀, ìyá Elli, pè é láti ìlú Sudbury.

"Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ò fẹ́ rí ọmọ yìí ni?"

Vieno wo etí ọ̀nà náà láti ojú fèrèsé. "Ẹ máa bọ̀ lọ́túnla," ló sọ.

Réjean, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́, ló ń kó erùpẹ̀ etí ọ̀nà sínú àpò. Ìbòmú kò pa á lẹ́nu mọ́.

"Màmá Vieno, ọkọ yín mà gbìyànjú o! Pẹ̀lú gbogbo èyí nínú agolo, ibo ni oúnjẹ ń gbà wọlé?"

"Ẹnu kì í gbẹ́lẹ̀, Réjean. Ṣọ́bìrì ni."

Réjean rẹ́rìn-ín. Ó yí ife kan dojú dé: ojú ibi tí àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́ wà nídìí rẹ̀. Eino fúnra rẹ̀ ló ń mọ ife kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á.

"Ẹ fi ọ̀kan yìí pamọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ta ni yóò mọ̀?"

Vieno ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ojú náà, tòun tìbọ̀wọ́. Ó wọlé tán, àyè sì kù. Ó fi ife náà sápò.

Nígbà tí ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń wá òjé fi hàn pé kò sí i nílẹ̀ mọ́, wọ́n kó ẹrù lọ sí àgọ́. Ọ̀gá àgọ́ ti gbà láti gbà wọ́n: "Tiwa ni. Ẹ dá a padà." Ẹ̀rọ lọ àwọn ife náà kúnná, omi, sìmẹ́ǹtì àti ẹbu tó ń so òjé mọ́lẹ̀ ló kàn. Òjé tí a ti fi bọ olóòṣà lọ́wọ́, ta ni yóò bọ́ ọ? Vieno fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó ronú nípa ẹnu ọmọdé. Ó yọ ife náà, kò jù ú. Ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Réjean yíjú sí fèrèsé.

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó wẹ̀, ó tún délé, ó jókòó sínú ilé ìwẹ̀ olóoru, ó ń ha abẹ́ èékánná. Lẹ́yìn náà ló gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù jáde láti lọ sá a.

Ẹ̀yìnkùlé ti di erùpẹ̀ lásán. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí nìyẹn: kí ó wò ó, kí ó dà bí ẹni pé Eino ò gbé ibẹ̀ rí. Ó ń lọ, apẹ̀rẹ̀ wà níbàdí rẹ̀. Lágbedeméjì, ó yà sí òsì. Igi eléèpo funfun kan wà níbẹ̀ rí, tí Eino kọ̀ láti gé. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ní kí ọ̀nà tẹ̀ yí i ká. Ìjì ti wó o tipẹ́.

Vieno dúró. Kò sí igi, kò sí ife.

Ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè kúrò nílẹ̀, ó tún rin ọ̀nà náà. Níbẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí òsì fúnra rẹ̀.