Oyún Méje Tí Wọ́n Ní Pankẹ́rẹ́ Jẹ

Kí ẹ tó dá Pankẹ́rẹ́ lẹ́bi ohun tó fojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí níwájú àwọn oníbàárà, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí obìnrin náà ti ń ṣe búrẹ́dì tà. Oníbúrẹ́dì wo lẹ sì rí tó rù tó báyẹn? Tó bá jẹun tán, inú rẹ̀ á wú, á sáré gba ilé ìyàgbẹ́ lọ. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Pankẹ́rẹ́, òun náà a sì máa bá wọn fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ oyún ni kì í bá ẹnikẹ́ni fi rẹ́rìn-ín. Oyún méje ló bà jẹ́ mọ́ ọn lára, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló dúró. Nígbà tí ìkeje lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dúró sójú pópó, ó ní Pankẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ wọ́n. Ọkọ gbọ́, ó kó ẹrù ara rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí ní tirẹ̀ kò kúrò ládùúgbò o. Àràárọ̀ ló ń wá ra búrẹ́dì méjì lọ́wọ́ ẹni tó pè lájẹ̀ẹ́. Ẹ ò rí ayé bí?

Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ti di tíṣà báyìí, ó ti lọ́kọ. Oyún tirẹ̀ náà bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí dókítà kan tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Sílíákì lorúkọ àìsàn ọ̀hún. Àlìkámà, tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà búrẹ́dì, ni ara rẹ̀ kò gbà: tó bá ti jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á dojú ìjà kọ ìfun ara rẹ̀, oúnjẹ kò ní ṣe é láǹfààní, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó, oyún tó bá ní sì lè má dúró. Ó pa búrẹ́dì tì fún ọdún kan gbáko. Ó lóyún, oyún náà sì pé oṣù márùn-ún.

Ìgbà tó wá kí ìyá rẹ̀ ni wàhálà dé. Pankẹ́rẹ́ gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ọmọ ní òun kò jẹ, pé dókítà ti kà á léèwọ̀. Ó dun ìyá wọ egungun.

“Búrẹ́dì tí mo fi rán ẹ níléèwé, òun ló wá di májèlé?”

Lọ́sàn-án, ọmọ wọ ilé ìdáná, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń fi ṣíbí bu fúláwà sínú ọbẹ̀ ẹja.

“Màmá, kí lẹ̀ ń dà síbẹ̀ yẹn?”

“Díẹ̀ báyìí ni, kí ó lè ki. O ti rù jù.”

Ọmọ kò pariwo. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó da ọbẹ̀ náà nù tán pátá.

“Díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Kí ebi pa mí, Màmá. Ọmọ mi ò ní lọ.”

“Ṣebí mo jẹ búrẹ́dì nígbà tí mo lóyún rẹ.”

“Àwọn méje yòókù ńkọ́?”

Pankẹ́rẹ́ fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ní àìsàn náà máa ń ti ara òbí dé ara ọmọ, kí ìyá òun ro ti inú tó ń dà á láàmú látọjọ́ yìí, kí àwọn jọ lọ ṣàyẹ̀wò.

Wọ́n lọ. Èsì dé: àìsàn kan náà ni.

“Màmá, kò sẹ́ni tó lè búra nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn,” ni dókítà wí. “Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tètè mọ̀ ọ́n, ó máa ń ba oyún jẹ́. Ẹ ò ṣẹ̀ sí ọmọ kankan.”

Pankẹ́rẹ́ sunkún débi tí ojú rẹ̀ wú, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi po búrẹ́dì ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹkún ti tán, inú ló kù tó ń bí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló wà níwájú.

“Fún mi ní méjì.”

Pankẹ́rẹ́ tẹ́ ìwé dókítà sórí kántà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló wà lára mi. Ó wà nínú ìwé yìí. Ẹ sọ pé n kò jẹ ọmọ mi, kí n tó ta búrẹ́dì fún yín.”

“Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn lo tún ń hú jáde? Níwájú àwọn èèyàn?”

“Níwájú àwọn èèyàn náà lẹ ti ní mo jẹ wọ́n.”

Ìlà kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Dírẹ́bà kan kígbe sí ẹ̀gbọ́n ọkọ láti ẹ̀yìn pé, “Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́, ibi iṣẹ́ là ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wo ìwé, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wolẹ̀.

“Kò jẹ wọ́n,” ló kùn sínú.

Pankẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì méjì náà.

“Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tún un sọ.”