Omi Ìwẹ̀ Sísí

"Màámi! Ẹ dúró! Ẹ má jù ú mọ́!"

Zipporah ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sáré. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wà lápá òsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sísí ni, ehoro funfun tí Zipporah ń sìn. Ó ti rin gbindin. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sókè, ó sì hán an.

"Ìyàwó, o ti dé? Sísí yín ń rùn jàre. Gbogbo ilé ló gba òórùn ìtọ̀. Mo ní kí n bá ọ wẹ̀ ẹ́ kí o tó dé. Adí ló kù kí n fi pa á lára."

Zipporah gba ehoro náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí Sísí ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan.

Ó mọ ohun tó fa òórùn náà. Sísí ti sanra jù, ẹnu rẹ̀ kì í tó ìdí rẹ̀ mọ́ láti fi ahọ́n tọ́jú ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni Zipporah máa ń fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu ibẹ̀, á fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́ ya irun rẹ̀. Kì í rì í sómi. Ṣùgbọ́n wọ́n pe òun àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, ó sì sọ fún Màámi, tó wá kí wọn láti Òrù, pé kó ṣáà máa fún un ní koríko. Kò mẹ́nu ba omi. Ta ló ń kìlọ̀ fún èèyàn pé kó má wẹ ehoro?

Ó pe Afeezat, ọmọbìnrin tó ń sin ehoro tà ní Awa.

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́? Wọ́n sì ń jù ú sókè? Háà, Àǹtí! Wọ́n kì í wẹ àgbò iléyá bẹ́ẹ̀ o, áńbọ̀tórí ehoro! Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń mira?"

Zipporah fọwọ́ kàn án. "Díẹ̀."

"Ẹ dúpẹ́ pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣẹ́. Ẹ nù ún títí á fi gbẹ, kí ẹ gbé e mọ́ra. Ẹ má yá a níná. Ẹ má sì gbé e gun ọ̀kadà wá síbí, atẹ́gùn á parí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá yàgbẹ́, tó bá fẹnu kan oúnjẹ, ìrètí wà nìyẹn. Tí kò bá ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú…"

Zipporah nù ún, ó tún un nù. Ó gbé e mọ́ àyà, òtútù ehoro náà sì wọ inú búláòsì rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Pa á kẹ̀?" Ìyá náà gbórí sókè. "Tí mo bá fẹ́ pa á, ata àti alùbọ́sà ni ǹ bá lọ̀, n ò ní máa wá adí kiri."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ wẹ̀!"

Màámi bojú wolẹ̀. Ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Èmi ni mo wẹ ọmọ gbogbo àdúgbò wa l'Órù," ó ní. "Tí wọ́n bá bí i lónìí, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí lọ́la. Ọmọ Simeon nìkan ni n ò tíì wẹ̀. Nígbà tí mo gbé ẹran yìí lé ẹsẹ̀, tó dákẹ́, tó ń wò mí, n ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti wálẹ̀ lára Zipporah. Àkọ́kọ́ wálẹ̀ lọ́dún tí epo wọ́n: ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ilé-ìwé ní Awa wá sí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e, torí kò rí ọ̀kadà. Èkejì wálẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn rẹ̀. Simeon ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n má sọ fún Màámi, ààwẹ̀ tó ń gbà nítorí wọn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn èkejì ni Simeon gbé Sísí wálé nínú páálí. Láti ìgbà náà ni Zipporah ti ní ohun tó ń jí tọ́jú.

"Gbé e fún mi," ni Màámi wí.

"Rárá."

"Wo aṣọ rẹ, ó ti tutù. Òtútù tó wà lára rẹ̀ lo tún ń dá padà fún un. Ara tèmi gbóná. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́."

Zipporah wo búláòsì rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó gbé Sísí fún un.

Ìyá náà tú ìró rẹ̀, ó gbé ehoro náà lé àyà òun gan-an, ó sì wé aṣọ náà bo àwọn méjèèjì. Kò kọrin. Zipporah fi ewé ọ̀dùnkún kàn án lẹ́nu. Kò là á. Oòrùn ń lọ lórí páànù, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀.

"Tó bá kú, wàá ní ìyá ọkọ rẹ ló jẹ ẹ́."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Wàá rò ó."

Zipporah ti ń rò ó.

Lójijì ni Màámi gbọ̀n. "Ó tapá! Nǹkan… nǹkan kan tún ń bọ́ sí mi níkùn."

Zipporah ṣí etí ìró náà. Ìgbẹ́ ehoro ni, kóró kóró, dúdú bí iyeré. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣà á lára ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó tún na ewé náà sí Sísí. Ètè ehoro náà mì, ó gé etí ewé náà jẹ.

"Ṣé ó ti yè é?"

"A ò tíì mọ̀, Màámi. Ó ti ń gbìyànjú."

Màámi fẹ́ dá ehoro náà padà. Zipporah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣì gbé e dání." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màámi, mo ti lóyún rí."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí irun Sísí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni Zipporah wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́.