Ọjọ́ Mẹ́ta ní Àtìláńtà

Láti oṣù kẹrin ni Verlene àti Loretha ti ń pète ìrìn àjò yìí. Loretha ni ẹ̀gbọ́n, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé Àtìláńtà. Verlene kò kúrò ní Alabámà, ní ìlú kékeré tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, níbi tí kò ti sí iṣẹ́ gidi kan àfi ti ilé-iṣẹ́ adìyẹ. Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n dá ọjọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ náà, níbi tí Verlene ti ń ṣiṣẹ́, á wà ní títì láti Sátidé, Verlene á sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Gbogbo Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n ń tò ó lórí fóònù. Loretha fẹ́ kí wọ́n lọ wo àwọn ẹja ńláńlá tó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn gíláàsì. Verlene ní òun ò ní wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin nítorí ẹja tí wọn ò ní jẹ́ kí òun dín; apá adìyẹ díndín tí wọ́n fi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni tòun. Loretha fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń gé apá adìyẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tún fẹ́ lọ fowó ra apá adìyẹ jẹ, ta ló fi eléyìí gégùn-ún fún un? Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ohùn Loretha bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Nínú ìdílé wọn, wọn kì í dárúkọ àìsàn. Ìyá tó bí wọn pe tirẹ̀ ní inú rírun títí wọ́n fi sin ín. Àfi ìgbà tí Loretha pè ní Ọjọ́rú kan, láàárín ọ̀sẹ̀.

"Àbúrò mi, o ò lè wá lọ́sẹ̀ yìí?"

Verlene fẹ́ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àmì ńkọ́? Ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan á gba àmì kan. Ìbáà jẹ́ ibà ló dá a dúbúlẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ló kọṣẹ́, àmì ni àmì ń jẹ́. Bó bá ti pé mẹ́jọ, ó dilé nìyẹn, iṣẹ́ ti bọ́. Verlene ti ní méje. Lásìkò yẹn, dandan ni iṣẹ́ Sátidé, ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó kò sì lè lọ kó bọ̀ ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí kó bá a wí. Èmi ò sí lára wọn.

Ó tọ Hollis lọ, ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń ṣàìsàn. Hollis ṣí ìwé òfin ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n kọ àwọn aláìsàn tí òṣìṣẹ́ lè torí wọn gbàyè sí. Ọkọ wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, òbí náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀.

Ó bá pe Loretha padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

Loretha dáhùn: "Mo gbọ́. Máa ṣiṣẹ́ ẹ." Ó sì dá ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀.

Ẹ̀dá ò mọ̀la. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, Renata, ọmọ Loretha, pè é nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

"Àǹtí Verlene, màámi ti lọ." Ó ń sunkún. "Mo ní kí n pè yín láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ pè yín, pé iṣẹ́ yín á bọ́."

Verlene ò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi wọ ọ́fíìsì Hollis. Ó ti gbà pé kí wọ́n lé òun. Hollis ṣí fìlà, ó bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì ṣí ìwé kan náà.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni tiyín, mà. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú nìkan lẹ máa mú wá, ká lè mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ní ti òkú, ó wà níbẹ̀."

Ó ní kó tún un kà fóun. Hollis tún un kà.

Nígbà tí Verlene dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú Loretha ní Àtìláńtà, kò mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Renata fúnra rẹ̀ ló ń pín ìwé ètò lẹ́nu ọ̀nà, fọ́tò Loretha ń rẹ́rìn-ín lójú ìwé. Verlene gba ọ̀kan, ó tún nawọ́.

Renata béèrè pé ta ni èkejì wà fún.

"Ibi iṣẹ́ ni," ni Verlene wí. "Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ó kú."

Renata fún un, ó sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn Verlene.